Ife Kan Ṣoṣo Tí Wọ́n Fọ̀

Wọ́n fi odidi ọ̀sán Sátidé sọ̀rọ̀ nípa àánú, obìnrin kan sì ń kú lọ lórí àga láàárín wọn. Wọ́n ṣebí oorun ló ń sùn.

Bí wọ́n ṣe ròyìn rẹ̀ fún mi nìyẹn nígbà tí mo dé gbọ̀ngàn náà ní Alágbàka, ní Àkúrẹ́, ojú kò sì ti ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì àti àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n. Ní Sátidé tó bá kẹ́yìn oṣù, wọn a wo fíìmù ilẹ̀ òkèèrè kan. Bí fíìmù náà bá dé ibi tí àwọn inú rẹ̀ ti ń jẹun, wọn a dá a dúró, wọn a sì jẹ irú oúnjẹ náà gan-an, bí àwọn onílẹ̀ ọ̀hún ṣe ń jẹ ẹ́. Bí fíìmù bá parí, wọn a jókòó yíká, wọn a jíròrò. Ti ọjọ́ yìí, láti ilẹ̀ Ìráànì, dá lórí ọmọ-ọ̀dọ̀ kan tí wọ́n fi ẹ̀sùn olè kàn láìṣẹ̀. Wọ́n sunkún fún un. Wọ́n ní ọkàn àwọn gbọgbẹ́. Nígbà tí wọ́n wá rí i pé Màmá Ọláìtán, àgbà olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí í ṣe ìyá ẹgbẹ́ náà, kò jí mọ́, wọ́n nu omijé ojú wọn nù, wọ́n sì nàka sí obìnrin tó se oúnjẹ.

Yéwándé ni orúkọ obìnrin náà. Kí n tó dé, wọ́n ti gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá wa.

Fóònù mi dún. Ọ̀gá Akínkúnmi, olórí àgọ́ náà, ni.

"Ìnsípẹ́kítọ̀ Bímbọ́lá, má fi àkókò ṣòfò níbẹ̀ o. Dókítà ní oògùn oorun ló wà lára màmá, ó sì ju ohun tí ara àgbà lè gbà lọ. Ìyá olóúnjẹ ló gbé oúnjẹ fún wọn. Kí ló tún kù? Láàárọ̀ Mọ́ńdè, kóòtù. Bí màmá bá kú, ẹ̀sùn ìpànìyàn ni."

"Ọ̀gá, inú àwo kan náà ni gbogbo wọn ti fọwọ́ jẹun. Kí ló dé tí ẹlòmíràn kò sùn?"

"Lọ bi olóúnjẹ léèrè. Mọ́ńdè ni mo wí."

Mo wo gbọ̀ngàn náà yíká. Ẹní ṣì wà nílẹ̀. Eṣinṣin bo ìrẹsì aláwọ̀ òféfèé tí wọ́n jẹ kù, òróró sì ti dì sí etí àwo. Lórí tábìlì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ni àwọn ife tíì wà. Ẹnìkan ti tu egungun sínú tirẹ̀. Ẹnìkan ti ki bébà tó fi nu ètè sínú tirẹ̀, ọ̀dà ètè pupa sì ti yọ́ mọ́ ìdí ife. Bí gbogbo wọn ṣe rí nìyẹn, àfi ẹyọ kan. Ọ̀kan tó ní ọmọrí dá dúró ní igun tábìlì, ó mọ́ fínífíní. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n sì ti fi aṣọ nù ún gbẹ.

Mo dúró tì í fún ìgbà díẹ̀. Bí olóúnjẹ bá fẹ́ pa ohun kan rẹ́, yóò fọ gbogbo ife pọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni, kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè. Ta ni yóò fọ ẹyọ kan láàárín ìdọ̀tí tó tó báyìí, tí yóò sì fi ìyókù sílẹ̀? Ẹni tí kò fọ abọ́ rí ni, ẹni tó dá a lójú pé ìyókù jẹ́ iṣẹ́ ẹlòmíràn.

*

Ní òwúrọ̀ Sọ́ńdè, mo bá Yéwándé lórí bẹ́ǹṣì inú àhámọ́. Omi ọyàn ti rin iwájú aṣọ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kò tíì já lẹ́nu ọmú, ìyá rẹ̀ sì ń gbé e bọ̀ láti Oda kí ó lè mu.

"Ẹ̀yin náà wá ní kí n jẹ́wọ́?" ni ó bi mí.

"Mo wá bi ọ́ nípa ife kan ni. Èyí tó ní ọmọrí."

"Ti Màmá nìyẹn. Àtọ̀gbẹ ń bá wọn jà, wọn kì í fẹnu kan ṣúgà. Àwọn yòókù a fi hóró ṣúgà há eyín, wọn a máa fa tíì gba ara rẹ̀ kọjá. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Ìráànì nìyẹn." Ó yínmú. "Ẹ ò gbọ́ ariwo ẹnu wọn, àǹtí. Bí ẹlẹ́dẹ̀ nídìí ọpọ́n."

"Tíì Màmá ńkọ́?"

"Màmá kì í mu ohun tó gbóná. Mo máa ń kọ́kọ́ bu tiwọn, màá dé e, màá gbé e sójú fèrèsé ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀."

"Ìwọ lo fọ ife náà?"

"Èmi kẹ̀? Bí mo ṣe fẹ́ máa kó abọ́ ni wọ́n gbá mi lọ́rùn aṣọ mú. Ẹ bi wọ́n ta ló fọ̀ ọ́. Nínú ẹgbẹ́ yẹn, kò sẹ́ni tó fọ ṣíbí rí."

"Ìgbà wo lo bu tíì?"

"Lẹ́yìn tí iná dé. Wọ́n mú iná lọ láàárín fíìmù, Jesse tó ń bá wọn fi fíìmù hàn sì jáde lọ tan jẹnẹrétọ̀. Kẹ́tù oníná ni mo ń lò, mi ò lè ṣe ohunkóhun títí iná fi dé. Omi hó, mo bu ti Màmá, mo gbé e síbi tí mo máa ń gbé e sí. Ìgbà tí mo padà sí kíṣìnì, ìrẹsì ti ń rùn bí ẹni fẹ́ jó. Ìrẹsì tiwọn yẹn, ibi tó gbẹ nísàlẹ̀ ìkòkò ni iyì rẹ̀. Bó bá pẹ́ lórí iná, èédú ni. Ni mo bá kan ògiri."

"O kan ògiri? Fún ta ni?"

Ó gbé ojú sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lé Jesse."

*

Ọ̀gá Akínkúnmi fẹ́ràn ọ̀rọ̀ Jesse. "O ò rí i? Ó dá jáde nínú òkùnkùn! Òun náà ló sì gbé ife fún màmá. Mú àwọn méjèèjì pọ̀."

"Ọ̀gá, ìgbà tí Jesse wà níta, tíì kò tíì sí. Ìgbà tí tíì wà, ìdí ẹ̀rọ fíìmù ló wà, iná ẹ̀rọ náà sì ń tàn sí i lójú. Gbogbo wọn ló rí i níbẹ̀."

Mo bá Jesse níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, Bíbélì lábẹ́ apá, òógùn lójú.

"Kí ni ìtumọ̀ kíkan ògiri?" ni mo bi í.

"Ẹ̀mí mi!" ni ó wí. "Yéwándé ti sọ?"

"Yéwándé wà ní àhámọ́. Sọ̀rọ̀."

"Àdéhùn àwa méjèèjì ni, mà. Bí ó bá kan ògiri, oúnjẹ ti tó nìyẹn, kò sì ṣeé fi sílẹ̀. Bí fíìmù kò bá tíì dé ibi oúnjẹ, màá fò ó síbẹ̀. Àwọn èèyàn wa kì í jẹ oúnjẹ tútù. Ní Sátidé, iná tó lọ ti dá wa dúró, ìrẹsì sì ti fẹ́ jó."

"Apá ibo lo fò?"

"Ibi tí ìyá ọmọ-ọ̀dọ̀ náà ti ń fọ irun rẹ̀ lẹ́bàá kànga. Ó gùn, kò sì sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹni tí kò bá wò ó rí kò lè mọ̀ pé nǹkan dín. Ẹ jọ̀ọ́ mà, Ọ̀mọ̀wé Adébùsóyè kò gbọdọ̀ gbọ́. Alága wa ni wọ́n, wọ́n ní ẹni tó bá gé fíìmù kò sàn ju ẹni tó gé ọmọ níka lọ."

"Wọn kò sọ̀rọ̀ kànga nígbà ìjíròrò?"

"Mi ò mọ̀, mà. Ìgbà ìjíròrò, ẹ̀yìnkùlé ni mo wà, mò ń kó wáyà jọ."

Mo fi í sílẹ̀, mo sì ń rò ó bí mo ṣe ń wakọ̀ lọ. Láàárín ìgbà tí Yéwándé gbé tíì sójú fèrèsé àti ìgbà tí wọ́n gbé oúnjẹ wọlé, ẹnìkan dìde kúrò lórí ẹní nínú òkùnkùn, ó sì lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àárín ìgbà náà gan-an ni Jesse fo ibi kànga. Àwọn tó jókòó kò rí kànga kankan. Ẹni tó bá wá ní òun rí i ń sọ ìtàn ohun tí ó yẹ kí ó rí.

*

Nítorí náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé káàkiri ilé wọn: ibo ló dùn yín jù nínú fíìmù náà? Ẹ bi irú àwọn ènìyàn yìí níbi tí wọ́n wà ní ọ̀sán, wọn a ní àwọn ń pe lọ́yà. Ẹ bi wọ́n nípa fíìmù, wọn a fà yín ní àga, wọn a gbé máltì síwájú yín. Ọ̀kan sọ ti ẹ̀wọ̀n. Ọ̀kan sọ ti ọ̀gá obìnrin tó kọ̀ láti tọrọ àforíjì. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó béèrè lọ́wọ́ mi bí ara Màmá Ọláìtán ti le sí.

Ìyáàfin Adétọ́lá, ọ̀gá kan ní ilé-iṣẹ́ ìjọba, gbà mí lálejò nílé rẹ̀ ní Ìjàpọ̀.

"Há! Ibi tí ìyá yẹn ti ń fọ irun ọmọ rẹ̀ lẹ́bàá kànga ni," ni ó wí, ó sì gbé ọwọ́ lé àyà. "Omijé mi kò dá títí mo fi délé."

"Kí ló fi ń bu omi, mà?"

"Kí ló fi ń... abọ́ ni. Abọ́ àwọn ará ibẹ̀."

"Abọ́ onírú wo?"

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé abọ́ lo wá rà ni?"

"Wọn kò fi ibẹ̀ hàn ní Sátidé, mà. Wọ́n fò ó."

Ó wo aago ara ògiri. Ó wo àwòrán ọkọ rẹ̀. Kò rí ìrànlọ́wọ́ níbẹ̀.

"Ó dáa. Oorun gbé mi lọ. Ta ni oorun kò ní í gbé? Kò sẹ́ni tó sọ Yorùbá níbẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ Gẹ̀ẹ́sì, à ń ka ọ̀rọ̀ nísàlẹ̀ bí ọmọ ilé-ìwé. Ọ̀mọ̀wé Adébùsóyè ló sọ̀rọ̀ kànga nígbà ìjíròrò. Wọ́n ṣàlàyé rẹ̀, ó wọ gbogbo wa lára. A pàtẹ́wọ́."

"Gbogbo yín lẹ pàtẹ́wọ́ fún ohun tí ẹ kò rí?"

"Ọ̀mọ̀wé ni wọ́n! Bí wọ́n bá ní ó wà níbẹ̀, ṣé èmi ni màá ní kò sí?"

"Màmá Ọláìtán ńkọ́ nígbà náà, mà?"

"A da ìborùn bò wọ́n. Wọ́n ń hanrun díẹ̀díẹ̀, a wá gbé àga wọn sẹ́yìn kó má baà dí wa lọ́wọ́."

Mo gbé máltì rẹ̀ sílẹ̀ láìmu. Èémí tí àgbàlagbà ń wá tí kò rí ni wọ́n pè ní ìhanrun, tí wọ́n sì gbé sẹ́yìn kí ó má baà dí àánú wọn lọ́wọ́. Inú ọkọ̀ mi ni mo ti ṣí fèrèsé, mo sì tutọ́ sílẹ̀.

*

Mo ti mọ ẹni tí mo ń wá báyìí, n kò tíì mọ ìdí tó fi ṣe é. Kí ni ọ̀mọ̀wé ní lọ́kàn sí obìnrin arúgbó? Mo gba ọ̀nà Oǹdó, níbi tí ilé Màmá Ọláìtán wà, ní àdúgbò Yaba. Àwọn ènìyàn ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì ní àkókò náà. Ọmọbìnrin kan ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Oyèbọ́lá ni orúkọ rẹ̀. Màmá ló kọ́ ọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló sì sá padà wá láti yunifásítì ní Àkúrẹ́.

"Sá kẹ̀? Ta ló ń lé ọ?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ ìnujú kan tí ó ti ká tẹ́lẹ̀.

"Màmá kò tíì kú," ni mo wí, "ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ kí wọ́n dákẹ́ ṣì ń sọ̀rọ̀ káàkiri ìlú. Lọ́la, ẹlòmíràn ni yóò lọ sí kóòtù dípò rẹ̀."

Ìgbà náà ló sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára aṣọ náà. Adébùsóyè ń kọ́ ọ ní yunifásítì. Òun ló pè é wá wo fíìmù. Nígbà tí àwọn yòókù lọ tán, ó dì í lọ́wọ́ mú, ó ní kí ó dúró, kí àwọn méjèèjì parí ìjíròrò. Nígbà tí ó kọ̀, ọ̀mọ̀wé sọ fún un pé iṣẹ́ rẹ̀ kò ní í yege títí yóò fi wá bá òun ní òtẹ́ẹ̀lì.

"O sọ fún Màmá?"

"Mo sọ. Màmá pè é lórí fóònù níwájú mi. Wọ́n ní, 'Adébùsóyè, èmi kì í sọ̀rọ̀ ènìyàn lẹ́yìn. Ní Sátidé, bí fíìmù bá ti parí, èmi ni màá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ìwọ ni màá sì sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.'"

"Kí ló fèsì?"

"Ó ní, 'Màmá, ẹ jẹ́ ká jẹun ná.'"

*

Ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí àgọ́. Wọ́n ti fẹ́ gbé Yéwándé sínú ọkọ̀, Ọ̀mọ̀wé Adébùsóyè sì wá rí i pé wọ́n gbé e. Báàgì aláwọ kọ́ ọ léjìká, òórùn lọ́fíńdà rẹ̀ sì dé ìdí káúńtà ṣáájú rẹ̀.

"Ìbéèrè díẹ̀, sà," ni mo wí.

Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Yunifásítì wo lo ti jáde, ọmọ mi?"

"Èyí tí ẹ ti ń kọ́ni, sà. Níbo lẹ wà láti ìgbà tí iná dé títí wọ́n fi gbé oúnjẹ wọlé?"

"Lórí ẹní mi. N kì í dìde bí fíìmù bá ń lọ lọ́wọ́. Ìwà àìlajú ni."

"Ibo ló wá dùn yín jù nínú rẹ̀?"

Ọ̀gá Akínkúnmi húkọ́, ó ń wo aago. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀mọ̀wé ti tàn. Ó gbé báàgì rẹ̀ sórí káúńtà, ó sì fa àga.

"Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ẹ̀bá kànga ni. Ìyá náà ń fi abọ́ bàbà tó tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bu omi sórí ọmọ rẹ̀. Kò sọ ohunkóhun. Olùdarí fíìmù náà gbà pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó. Lẹ́yìn náà gan-an ni oúnjẹ, kí ènìyàn lè gbé ìbànújẹ́ yẹn dé ẹnu. Ṣé o rí i?"

"Ẹ̀yin lẹ rí i, sà. Ní Sátidé?"

"Pẹ̀lú ojú mi méjèèjì."

Mo pe Jesse láti yàrá kejì. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Sọ fún wọn."

"Mo... mo fo ibi kànga, sà. Ìrẹsì fẹ́ jó. Ibi oúnjẹ ni mo lọ tààrà."

Ọ̀mọ̀wé fò dìde. "O gé fíìmù mi? Ìwọ! O gbójú gbóyà, o gé—"

Gbogbo wa ló rí i bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń fà kúrò ní ojú rẹ̀.

"Ọjọ́ kẹta nìyí, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bínú sí i," ni mo wí. "Bí ẹ bá wà lórí ẹní yín, ẹ̀ bá ti pariwo mọ́ ọn ní Sátidé. Ilé yín lẹ ti rí kànga, nígbà tí ẹ ń múra ìjíròrò sílẹ̀. Ní àkókò tí ẹ rò pé wọ́n ń fi í han àwọn yòókù, ẹ wà lójú fèrèsé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ ń ṣí ọmọrí ife Màmá. Nígbà tí Màmá sùn, ẹ fọ̀ ọ́. Ife kan ṣoṣo, sà. Ó yẹ kí ẹ fọ ìyókù mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò wá sí yín lọ́kàn."

"Àlá lásán."

Ọ̀gá Akínkúnmi kò wo aago mọ́. Ó fa báàgì aláwọ náà sọ́dọ̀, ó sì ṣí i. Lábẹ́ àwọn ìwé ni páálí oògùn oorun wà, kò kù ju hóró bíi mélòó kan lọ nínú rẹ̀.

"Mo kàn fẹ́ kí wọ́n sùn ni," ni ọ̀mọ̀wé wí. Ohùn rẹ̀ ti di ti ọmọdé. "Kí wọ́n sùn títí ìjíròrò á fi parí. N kò fẹ́ pa ẹnikẹ́ni."

"Nígbà tí Màmá kò jí ńkọ́? Nígbà tí wọ́n mú abiyamọ ńkọ́?"

Ó wo Yéwándé tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Mo rò pé yóò tọrọ àforíjì.

"Ó ṣáà jẹ́ olóúnjẹ," ni ó wí.

*

Dókítà pè mí kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn àhámọ́ mọ́ ọn. Màmá Ọláìtán ti la ojú. Wọ́n ní ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni pé, ṣé ó ti kan òun láti sọ̀rọ̀? Mo ní kí wọ́n sọ fún un pé ó ti kàn án, kóòtù sì ni àwùjọ tí yóò gbọ́ ọ.

Yéwándé jókòó sórí àtẹ̀gùn iwájú àgọ́, ọmọ rẹ̀ ń mu ọmú. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ Ìyáàfin Adétọ́lá wọlé. Dírẹ́bà rẹ̀ gbé ìkòkò ńlá kan sílẹ̀, ìkòkò Yéwándé. Wọn kò fọ̀ ọ́. Ìrẹsì ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti bu, irun funfun ti hù lórí rẹ̀, òórùn rẹ̀ sì mú kí ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu ọ̀nà bo imú.

"Yéwándé, a yọ̀ fún ọ o," ni Ìyáàfin Adétọ́lá wí. "Gbogbo wa ni ọ̀rọ̀ náà dùn. A ó tilẹ̀ jíròrò nípa rẹ̀. Oṣù tó ń bọ̀, fíìmù ilẹ̀ Íńdíà ni. Ṣé wà á wá se oúnjẹ wọn fún wa?"

Yéwándé gbé ọmọ náà sí èjìká, ó gbá a lẹ́yìn títí ó fi gùfẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó dìde, ó ṣí ọmọrí ìkòkò náà, ó sì fi ẹsẹ̀ rọra tì í súnmọ́ bàtà Ìyáàfin Adétọ́lá.

"Ẹ gbé e lọ, mà," ni ó wí. "Ẹ tẹ́ ẹní, ẹ jókòó yí i ká, kí ẹ jíròrò lé e lórí."